Ìyá Àgbà Gun Ẹṣin Kí Wọ́n Má Baà Yára Gbó

Adétúnjí Àkànní, ọmọ mi, ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: ìrì lórí ewé ẹ̀gúsí ẹ̀yìnkùlé, ìgbẹ́ ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà wa, àti ìyá bàbá rẹ tí wọ́n dá jókòó lórí ẹní, tí wọ́n ń bèèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Bọ́sẹ̀ àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má gé ọ̀rọ̀ mi kúrú.

Ṣé ara le? Ẹni tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ yóò máa ṣọ́ ọ nídìí ọkọ̀ ojú irin l'Ékòó. Irin tí o ń lù kò ní padà lù ọ́. Bàbá rẹ ń kí ọ, iṣu tuntun ti jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni. Láti ìgbà tí òjò ti rọlẹ̀ ni wọn ò ti jẹun mọ́, ìwọ nìkan ni wọ́n ń bèèrè, pé ọkọ àwọn, Àkànní, dà, àwọn fẹ́ rí i kí àwọn tó lọ. Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ dé. O ní olùkọ́ tí ẹ jọ ń gbé rí i nínú ìwé òyìnbó pé bí aago méjì bá bára mu, tí a fi ọ̀kan sílẹ̀, tí a gbé èkejì sáré lọ sáré bọ̀, èyí tó rìnrìn àjò kò ní kà tó èyí tó jókòó. O ní aago náà kò bàjẹ́, àkókò fúnra rẹ̀ ló kéré fún un, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ènìyàn: ẹni tó lọ tó bọ̀ kò ní gbó tó ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nílé. Mo wá rò ó pé, kí ni ìyá àgbà ń jókòó sílé ṣe?

Ni mo bá yá ẹṣin Ògúndìran ọdẹ. Ó ní bí ẹṣin òun bá mọ irú iṣẹ́ yẹn, òun ò ní hewú. Mo ní òun ni kì í jẹ́ kó sáré. Bàbá rẹ di ìyá àgbà mú lọ́tùn-ún, èmi lósì, à ń gbé wọn lọ sọ́nà Ogbooro, à ń gbé wọn bọ̀, lójoojúmọ́. O ní ìyàtọ̀ náà kéré débi pé nínú ọkọ̀ ojú irin pàápàá aago yín kò lè fi í hàn. Díẹ̀ yẹn náà la ń wá. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ mélòó ni? Wọ́n sì ti ń jẹun, wọ́n ń bú Ògúndìran pé ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀ le bí àpáta.

Àná ni Bọ́sẹ̀ tún ìparí lẹ́tà náà kà sí wa létí, pé bí ọkọ̀ bá ń lọ geere, ará inú ọkọ̀ á rí i pé aago ará ilẹ̀ ló ń falẹ̀, ará ilẹ̀ á rí i pé ti ọkọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó parọ́. Ìgbà tí ẹni tó lọ bá yí padà, tí aago méjèèjì wà lójú kan, la tó mọ èyí tó kà kéré. Bàbá rẹ ní ẹjọ́ wo lẹni méjì ti ń jàre pọ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó yé àwọn, pé ọmọ tó lọ á máa rò pé ará ilé ṣì wà bí òun ti fi wọ́n sílẹ̀, ará ilé á máa rò pé ọmọdé tó lọ náà ló ṣì jẹ́, irọ́ kọ́, àfi kó dé ká tó mọ̀. Wọ́n ní kí n dá ẹṣin padà, pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń lọ tí àwọn ń bọ̀, ìwọ ni o kò tíì yí padà.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti okà bàbà tí ẹṣin jẹ, àti ti iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá máa dín owó ọkọ̀ rẹ kù, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wálé. Ògúndìran yóò dúró de owó okà rẹ̀; ti ìyá àgbà ni mi ò mọ̀.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ kò ní gbàgbé bí a ti ń gbé ọmọ bọ̀. Adìyẹ ti wọlé, mo ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà lórí ẹní. Bọ́sẹ̀ ní òun ò ríran kọ̀wé mọ́.

Èmi ìyá rẹ ni.