Ìràwọ̀ Tí Mo Fi Bo Iye Àwọn Ọmọ Abúlé Wa

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá mi, mo kí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ tó gbé Bọ́sẹ̀ ọmọ wọn dúró nínú oòrùn lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ èéyi tán. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ náà ni pé èmi ni mo fà á. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe awakọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún tíṣà ní lẹ́tà yìí kí ó kà á sókè létí gbogbo ìyá ọmọ tó wà lábúlé wa, torí àwọn náà ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ mọ̀ pé bírò, ọ́fíìsì ìjọba tí ń pín abẹ́rẹ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu níbí. Wọ́n gba ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní òdínátọ̀, ó dà bí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Inú rẹ̀ ni mo ti ń ṣe tábúlò: orúkọ abúlé á tò lọ sílẹ̀ lápá òsì, iye ọmọ àti iye abẹ́rẹ́ á wà nínú òpó tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń tún un ṣe kó lè ṣeé kà: mo ń fa ìlà sábẹ́ àkọlé, mo ń jẹ́ kí ẹyọ bọ́ sábẹ́ ẹyọ, kí ẹ̀wá bọ́ sábẹ́ ẹ̀wá, mo ń fẹ òpó, mo ń fún un. Iṣẹ́ náà wù mí. Yàrá rẹ̀ tutù, nígbà tí ìta ń gbóná, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fi iyọ̀ pa ènìyàn lára.

Ọ̀gá mi, tí à ń pè ní Kámáráàdì bíi gbogbo ọ̀gá ayé ìsinsìnyí, ní kí n jẹ́ kí iye ọmọ abúlé kọ̀ọ̀kan dúdú, kó ki, kí ẹni tó bá gbé ìwé náà rí i kó tó rí ohun mìíràn. Ìyá, nígbà tí mo dé orí abúlé wa, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó wá dà bí ẹni pé mo tò wọ́n sí ojú títì kí ayé máa wò wọ́n. Ni mo bá fún òpó náà títí ó fi há. Bí òpó bá há ju nọ́ńbà lọ, ẹ̀rọ náà kì í gé nọ́ńbà, àmì bí ìràwọ̀ ló ń tò síbẹ̀. Àwọn abúlé kéékèèké ṣì hàn; tiwa nìkan, tí nọ́ńbà rẹ̀ gùn ju tiwọn lọ, ló di ìràwọ̀. Mo ní kò burú, ẹ̀rọ ṣáà mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló ń di àpótí yìnyín tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Àwọn tó ń dì í wo ìwé, wọ́n rí ìràwọ̀, wọ́n ní bóyá wọn ò tíì ka ibẹ̀, wọ́n bá kó iye ti èṣí sí i. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kò fi tó, tí àwọn ìyá fi gbé ọmọ padà sílé.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Kò lé mi. Ọmọ Pobè ni, ó mọ àṣà wa. Ó kàn ní bí a kò bá ka àwọn ọmọ, èéyi á bá wa kà wọ́n. Ọmọ tèmi ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ níbí. Síbẹ̀ bó bá húkọ́, Bọ́sẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Bàbá ọmọ mi ṣì wà ní Parakou níbi tí ìjọba gbé e lọ ṣe tíṣà. Àwọn tí a jọ ń gbélé ń sọ èdè Gun, wọ́n níwà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kì mí ní oríkì bí ọkàn mi bá dàrú.

Mo gbọ́ pé àwọn ìyá ti búra pé àwọn kò ní jáde mọ́, àti pé ìyàwó àbúrò mi ní bí ìjọba bá tún fẹ́ rí òun, kó wá bá òun nínú oko ẹ̀gẹ́, kó sì mú ọkọ́ dání. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ abẹ́rẹ́ ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjà Kétu méjì, a kò sì mọ iye ọmọ tó ṣẹ́ kù. Mo ti fẹ òpó náà, àyè wà níbẹ̀ dáadáa. Mo fi ojú ibi tí iye tiwa yóò wà sílẹ̀ lófìfo, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé à ń retí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èrò tirẹ̀ dí i.

Ìyá, ẹ bá mi gbé igbá láti ojúlé dé ojúlé. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan ju hóró àgbàdo kan sí i fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì gba abẹ́rẹ́. Hóró àgbàdo lẹ máa kà, ẹ ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń bú mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi tẹ́rùn, kí wọ́n ṣáà ju hóró sínú igbá.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí, á jẹ́ kí ẹ̀yin àti Bàbá jẹun lọ́wọ́ wọn pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe, ẹ sì bá mi bẹ ìyàwó wa. Ẹ kọ iye hóró náà sínú ìwé, kí ẹ fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Kútọnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Èmi ọmọ yín,
Àdùkẹ́