Awò Tí Kò Jókòó Lójú Lucie

Philippe, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Orúnkún ń dun ìyá wa, ṣùgbọ́n kò gbà kí oko sú òun. Òjò kò rọ̀ tó ní Agbonou lọ́dún yìí, àgbàdo wa kéré.

Awò ojú tí o fi ránṣẹ́ sí Lucie ọmọ mi ti dé. O wá ń sọ fún gbogbo ẹbí lórí fóònù pé aláìmoore ni, pé ṣe ló ń bọ́ ọ jù sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Irọ́ ni. Awò náà ló ń yọ̀ wálẹ̀ dé ètè rẹ̀. Ìyàwó rẹ ti jẹ́wọ́ fún mi pé ojú ọmọ tiyín lẹ fi dán an wò nígbà tí ẹ ń rà á.

Nígbà tí ìyá wa fẹ́ bàtà, o ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀, o fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó lọ rà á ní Lomé. Ṣé ojú Lucie kò tó ẹsẹ̀ ni?

Dókítà ojú ní Atakpamé sọ pé wọ́n ń ṣe férémù awò ọ̀tọ̀ fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú trisomie bíi tirẹ̀, tí imú wọn kì í ga. Ibi tí férémù náà ti ń jókòó lórí imú wálẹ̀ díẹ̀, apá rẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn etí sì kúrú. Ó ní ẹ lè rí i rà ní ìlú òyìnbó tí ẹ wà lọ́hùn-ún.

Mo fi òwú méjì sínú lẹ́tà yìí. Èyí tó pupa ni fífẹ̀ ojú rẹ̀, èyí tó funfun ni láti iwájú orí rẹ̀ dé ẹ̀yìn etí. Kí Ọlọ́run fún ọ lálàáfíà, kí o lè rìn dé ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Lucie ló di òwú náà mú nígbà tí mo ń gé e. Aláìmoore yẹn ní kí n bá òun kí ọ, pé o ṣeun awò.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Aurélie