Máàkì Àtàǹpàkò Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà láàyè, a ń dúpẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní ìlú ńlá yẹn.

Èmi bàbá rẹ ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí ìrora àtàǹpàkò ọ̀tún kò jẹ́ kí ìyá rẹ lè di bírò mú mọ́. O sì mọ̀ pé irun ló ń dì jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irun tó dì fún tíṣà àdúgbò wa ti tú kí obìnrin náà tó délé. Ìyá rẹ kò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́dún tó kọjá, ní ọsibítù, wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ya fọ́tò inú eegun. Dókítà fún oríkèé àtàǹpàkò náà ní máàkì méjì. Lóṣù yìí a padà lọ, ó gba mẹ́ta. Mo dìde, mo bọ dókítà lọ́wọ́, mo ní ìyàwó mi kò ṣe dáadáa tó báyìí rí nílé ìwé. Ó ní bàbá, ẹ jókòó, bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni oríkèé ń bàjẹ́ sí i. Mo jókòó.

Dókítà kejì, obìnrin, wo fọ́tò kan náà, ó ní méjì lòun rí. Mo bi í bóyá àtàǹpàkò náà ti sàn láti yàrá kan dé ìkejì. Ó ní rárá o, ojú ló yàtọ̀ sí ojú, máàkì kan péré lè ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó wá, kó má jẹ́ ti eegun. Wọ́n wá kó fọ́tò ọdún méjèèjì fún àgbà dókítà kan, wọ́n bo déètì ara wọn kó má baà mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mo ní ta ló ń fi ọjọ́ orí pamọ́ fún àgbàlagbà? Àgbà dókítà náà ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì, kí ìyá rẹ sinmi ọwọ́, ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Èmi náà ti ń fún un ní máàkì láràárọ̀. Lọ́jọ́ Ajé mo fún un ní mẹ́rin, ó sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo fún un ní ẹyọ kan kó lè rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbà mí gbọ́ mọ́.

Jọ̀ọ́, bí agbára rẹ bá gbé e, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kó lè fi ìdìrí sílẹ̀ fún oṣù kan. Má sọ fún un pé èmi ni mo tọrọ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó ní kí n bá òun de bọ́tìnì aṣọ òun, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Kò sí dókítà tó bi í léèrè ìyẹn.

Ọwọ́ rẹ yóò máa ròkè. Ohun tí o bá dìmú kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ