Bàtà Ẹnu Ọ̀nà

Ìkìrun, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Mo jàre! Ọ̀rọ̀ bàtà ti parí lónìí.

Ó ti pẹ́ tí olóòtú ìwé mi ti ń sọ pé kò sí ìtàn mi kan tí bàtà kì í wà lẹ́nu ọ̀nà, pé kí n yọ wọ́n kúrò nínú ìwé tuntun yìí. Ọmọ Aládùúrà ni mí. Ibo ló fẹ́ kí n bọ́ bàtà sí?

Ó bá mi lọ sí ìsìn láàárọ̀. Ó bọ́ bàtà síta bíi tiwa, ó sì sáré jáde ṣáájú oore-ọ̀fẹ́ nítorí ọkọ̀ Òṣogbo. Nígbà tí a jáde, Bàbá Àlàgbà dúró lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tóbi, àlejò yín ti wọ bàtà mi lọ o."

Olóòtú náà pè mí láti Òṣogbo. "Bàtà ta ni mo wọ̀ yìí? Wọ́n ti rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n tún un rán. Láti Ìkìrun ni mo ti ń ro irú ẹni tó ni ín." Ó wá fi kún un pé, "Ẹ má yọ bàtà kankan kúrò nínú ìwé yín mọ́."

Mo jó yípo yàrá!

Mo kó bàtà tirẹ̀ tó fi sílẹ̀ wálé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí. Gìgísẹ̀ ti òsì ti jẹ ju ti ọ̀tún lọ. Mo ti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ìtàn kan nípa ẹni tó ni ín.