Aṣọ Ọ̀fọ̀ Tí Mi Ò Lè Fọ̀ Mọ́

Vilisi ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ẹ le ní ìlú Suva níbẹ̀? Ọlọ́run tó mú bàbá ẹ lọ kò ní jẹ́ kí n tún gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ. Èmi náà wà, ẹlẹ́dẹ̀ wa ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O mọ̀ pé nígbà tí a sin bàbá ẹ la ti ibi ìpẹja wa pa, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí màá fi bọ́ aṣọ dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ń wa ilẹ̀ pupa fẹ́ ri páìpù sí kí wọ́n lè máa da ẹrẹ̀ wọn sínú òkun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó ń wa ọkọ̀ ojú omi fún wọn kọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè gun orí ọ̀fọ̀ kọjá. Losalini tó kó àwọn obìnrin jọ láti dènà páìpù náà wá bẹ̀ mí, ó ní, Màmá, ẹ dákun, ẹ má tíì bọ́ ọ títí ilé ẹjọ́ á fi dá ẹjọ́ páìpù yìí. Mo gbà.

Àfi bí mo ṣe fọ̀ ọ́ ní Sátidé. Mo sá a sórí okùn, mo ró ìró olódòdó tí o rà fún mi, ni nǹkan onírin kan tó ń kùn bí oyin bá fò dé. Kò lẹ́kọ̀ọ́ rárá, ó ń gba orí àwọn àgbà kọjá láì tọrọ gáfárà. Mo jáde sí i, mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó jókòó bí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé. Ó kàn dúró lójú ọ̀run, ó ń wò mí.

Lánàá ni ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ náà gbé gbòǹgbò yaqona tí a máa ń gún mu wá bí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan, ló bá na fóònù sí wa. Àwòrán tí nǹkan onírin yẹn yà ló wà níbẹ̀: èmi nìyẹn nínú ìró olódòdó, mò ń nàka sí ojú ọ̀run. Ó ní ọ̀fọ̀ ti parí nìyẹn, àwọn awakọ̀ ti rí i, ọkọ̀ yóò wọ omi ní Fúráìdé. Losalini bi í pé ṣé aṣọ máa ń wà lọ́rùn ìyàwó tiẹ̀ nígbà tó bá ń fọ̀ ọ́ ni. Losalini tún ní kó bu ẹrẹ̀ wọn sínú igbá yaqona kó mu ún lójú wa. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí àwọn ọmọ yẹn bá gba àwòrán yẹn gbọ́, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún páìpù náà.

Látàárọ̀ ni mo ti wà létí omi nínú aṣọ dúdú kí àwọn awakọ̀ lè rí mi. Ó rẹ̀ mí, Vilisi. Mo fẹ́ máa sunkún bàbá ẹ nítorí òun fúnra ẹ̀, kì í ṣe nítorí páìpù.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún kẹrosíìnì, àti aṣọ dúdú kan sí i, kí ọ̀kan lè wà lára mi bí èkejì bá wà lórí okùn. Wọ́n ní owó ń gba inú fóònù wá báyìí. Kí o fi aṣọ náà gba ibẹ̀, yóò yá ju ọkọ̀ lọ. Mo ti nu fóònù mọ́ kó má baà dọ̀tí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ ẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi hàn ẹ́, ìyá ẹ kò tíì bọ́ aṣọ bàbá ẹ.

Èmi ni ìyá ẹ,
Vasemaca