Mùsíé Tó Jókòó Lórí Owú Yín Ti Fínná

Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ Ṣábẹ, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iná, ẹ kú èéfín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo kí ìyá mi, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi Ọládélé tó ń bá yín lu irin. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti fi yín ṣẹ̀sín.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé sí Kétu, ètè mi ti ya. Omi wọ́n níbí débi pé ẹni tó bá fún àlejò lómi mu ti ṣe é lóore gidi. Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ ní Dàkáà ni mò ń ṣe: mò ń wá ibi tí àwọn ará àtijọ́ gbé, mo sì ń mú àlejò lọ wò ó. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣú, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ irin. Ẹ gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tí mo rán sí yín, kí ẹ fi ra èédú.

Bàbá, ẹ rántí Mùsíé, olùkọ́ àgbà òyìnbó tó wá sí àgbẹ̀dẹ wa kí òmìnira tó dé. Ó jókòó lórí owú, irin ńlá tí ẹ ń rọ ọkọ́ lé. Ẹ ní kí n túmọ̀ fún un pé ẹni tó bá jókòó lórí owú, yóò fínná títí irin kan yóò fi pọ́n, kí ó fi tu owú lójú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní aláwọ̀ dúdú kò mọ irin yọ́ rí, pé ìdàrọ́ ẹ̀yìn ilé wa, ìdọ̀tí irin tí àwọn baba ńlá wa yọ́, òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ jáde ni. Ó fi bàtà ta ewìrì tí ẹ fi ń fínná nù. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, Mùsíé ló ṣáájú wọn. Kò dá mi mọ̀. Mo kí i dáadáa. Mo fi yàrà àtijọ́ tó yí ìlú ká hàn wọ́n, lẹ́yìn náà mo kó wọn lọ sí oko kan lọ́nà Òpómẹ́ta, níbi tí òkìtì ìdàrọ́ ti ga bí ilé. Mo ní kí Mùsíé, tó jẹ́ àgbà, bá wa ṣàlàyé. Ó tún iná abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sọ. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá kúnlẹ̀, mo wú ẹnu ewìrì kan jáde, amọ̀ sísun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ iná, tí ìdàrọ́ ṣì lẹ̀ mọ́, tí ojú ìka ẹni tó mọ ọ́n sì hàn lára rẹ̀. Mo fi lé e lọ́wọ́, mo rọra bi í bóyá iná abẹ́ ilẹ̀ a máa ní ìka. Ìyàwó rẹ̀ tó bá wọn wá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

N kò tíì ṣe tán. Mo ti sọ gbogbo ohun tí Mùsíé ṣe sí yín fún alágbẹ̀dẹ kan ní Kétu ṣáájú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kó wọn padà sí. Bàbá náà sọ fún Mùsíé pé ọmọ ìyá ni owú Ṣábẹ àti owú Kétu, ìtanràn tí ó jẹ ọ̀kan nínú wọn, òmíràn lè gbà á. Mùsíé bèèrè pé ìtanràn wo. Mo dárúkọ yín fún un, mo ní ó jókòó lórí owú yín, kó wá fínná. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Ó ní òun kò rántí. Bàbá alágbẹ̀dẹ náà ní òun gbà, pé ẹni lè gbàgbé owú, ṣùgbọ́n owú kì í gbàgbé ìdí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe é, wọ́n ti gbé kámẹ́rà sójú. Ó bọ́ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀, ó di ewìrì mú.

Àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ bi bàbá náà bóyá ó ti gba ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ pẹ́ kó tó mú un wá. Òógùn bo Mùsíé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ṣé kò tíì tó. Mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un, bí mo ti ń ṣàlàyé fún gbogbo àlejò, pé àánú kì í mú irin pọ́n. Ó fínná títí irin fi pọ́n.

Irin náà ti di ọ̀bẹ, ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ kan náà. Mo mọ̀ pé ìyá mi yóò ní ẹ̀san kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ náà bẹ iṣu fún wọn, kí wọ́n tọ́ ọ wò.

Kí iná àgbẹ̀dẹ yín má kú. Kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Akínwándé