Ọjọ́rú Tí Mi Ò Kú

Tẹjúmádé ọmọ mi,

Ìwé ìsìnkú mi ti jáde. Igba ẹ̀dà ni, èèpo rẹ̀ ń dán, fọ́tò mi tí mo yà nínú agbádá aláwọ̀ ọsàn ló wà níwájú, kò sì sí ẹlòmíì ní gbogbo Ìkọ̀lé yìí tó tíì fojú ara ẹ̀ rí tiẹ̀ kó tó lọ. Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, mo kí ẹ o, mo kí Ọládàpọ̀ ọkọ ẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ayé yín máa wú bí ìyẹ̀fun tó rí yíìsì, ẹ ò ní jóná nísàlẹ̀, ẹ ò ní tutù láàárín. Ìyá ẹ náà ní kí n kí ẹ, àmọ́ ìkòkò ló kọjú sí tó fi sọ ọ́, torí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì. Ewúrẹ́ ẹ̀ bí méjì. Òjò ká páànù ilé búrẹ́dì lápá kan, mo ti fi tuntun sí i, mi ò yáwó.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú ni pé látọjọ́ tí o ti ń pariwo lórí fóònù pé mo dójú tì ẹ́ ní Jakande tí ẹ ń gbé, o ò jẹ́ kí n gbẹ́nu lé e rárá. Lẹ́tà ò ṣeé já lu, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Nígbà tí a sin Abórìṣàdé onípákó lọ́dún tó kọjá, o wà níbẹ̀, o gbọ́ nǹkan tí àwọn ọmọ ẹ̀ kà. Wọ́n ní ògbóǹtarìgì oníṣòwò ni, wọ́n ní aláàánú ni, wọ́n ní òpó ìjọ ni, wọn ò dárúkọ pákó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún la gẹdú, tó fi ìka méjì sílẹ̀ lẹ́nu ayùn, wọ́n sin ín bí ẹni tó ń ta afẹ́fẹ́. Mo wo ẹ̀yin ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní ẹ̀yin náà máa fi òyìnbó bo búrẹ́dì mi mọ́lẹ̀, òyìnbó tó jẹ́ pé búrẹ́dì yẹn náà ni mo fi rán yín lọ kọ́ ọ. Èmi, pírámárì kẹta ni mo dúró. Àpò ìyẹ̀fun kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ òfì ìyá mi ni a fi dógò fún un, orúkọ ìyá mi náà ló sì wà lára Búrẹ́dì Àjíbíkẹ́ títí dòní, láti ibí títí dé Ọ̀mùò kò sí tíṣà tó lè ní òun ò jẹ ẹ́ rí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí o bá mi kọ ọ́, o ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a kì í kọ ìtàn òkú fún alààyè. Ó dáa. Nọ́ńbà atẹ̀wé kan ní Òkòtà, lápá ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, wà lẹ́yìn ìwé ìsìnkú Abórìṣàdé, mo pè é fúnra mi, ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní Ọjọ́bọ̀.

Ìka kan ni mo fi kọ ọ́ látàárọ̀ dọ̀sán. Ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ ọjọ́ ikú ni wàhálà ti dé. Mo fò ó, ibẹ̀ pọ́n kankan. Mo kọ ọ́ pé kò tíì yá, fọ́ọ̀mù ní nọ́ńbà lòun ń fẹ́. Kó má baà dìjà, mo fún un ní ogún ọdún sí i, ó tún kọ̀, ó ní ọjọ́ yẹn ò tíì dé. Mo wá jókòó, mo rò ó bí oníṣòwò. Ọjọ́ tó ń bọ̀, èèyàn ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àná tó jẹ́ Ọjọ́rú, mo mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn, mo jẹ iyán nínú ẹ̀, mo sùn, mo jí. Kò sí bí ikú ṣe lè padà lọ pa mí lọ́jọ́ tí mo ti là kọjá. Ọjọ́rú ni mo kọ. Ara fọ́ọ̀mù balẹ̀. Ó bi mí ta ni kí òun fi ìkéde náà hàn, mo tẹ gbogbo èèyàn, àbí mo jalè ni tí màá fi sá pamọ́. Bí fọ́tò mi ṣe dé orí Wásáàpù ẹgbẹ́ ìlú nìyẹn, àbẹ́là lápá ọ̀tún, àbẹ́là lápá òsì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilé kún. O pè láti kí ìyá ẹ kú ará fẹ́ra kù, èmi ni mo gbé e, o sì ju fóònù sínú ọbẹ̀. Ṣé èmi ni mo ní kí o máa fi fóònù dáná? Ìyá ẹ ní kí n jáde sí àwọn èèyàn, mo ní kó ṣe sùúrù, kí n kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan tí wọ́n máa sọ. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Àwọn kan ní mo láhun. Ẹnì kan ní òun ò rí kí n ta èèyàn lọ́rẹ èérún búrẹ́dì rí, mo fi ohùn ẹ̀ sọ́kàn. Ó wá kan Fàósátù, tó ti ń kiri búrẹ́dì mi láti ogójì ọdún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní lọ́dún tí ìjọba ò jẹ́ kí àlìkámà wọlé mọ́, gbogbo ilé búrẹ́dì ló gé tiwọn kéré, Bàbá Tẹjú nìkan ni ò gé e, iye tó ń yan ló dín kù, àwọn ọmọ ẹ̀ gan-an ni ò rí jẹ nílé. Ó ní òun ò gbọ́ èébú oníbàárà kankan lọ́dún yẹn.

Tẹjú, mi ò kọ ìyẹn. Mo kọ ọkọ̀ mẹ́ta tí mo rà, mo kọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo kọ oyè, ọ̀rọ̀ tí Fàósátù sọ yìí ni mo ti gbàgbé pátápátá. Ni mo bá jáde pé kó tún un sọ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Àga mẹ́ta ló kán. Fàósátù ò sì wọlé wa mọ́ títí dòní, ẹ̀bá títì ló ń dúró sí, ọwọ́ nìkan ló ń nà gba búrẹ́dì.

Atẹ̀wé ti tẹ igba náà, ó ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n tó pè é. Ó ní òun á tú pín-ìn-nì wọn, òun á fi ewé kan tí ọ̀rọ̀ Fàósátù wà sí i, òun á sì pa Ọjọ́rú yẹn rẹ́, kí àyè ibẹ̀ ṣófo. Mo ti san ààbọ̀ owó, ó ku bálánsì. Ó ní tí òun ò bá rí i, òun á kó gbogbo ẹ̀ fún àwọn tó ń ta bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà ní Òkòtà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni o ṣe fẹ́ ẹ, kí gbogbo Ìsọlọ̀ máa fi ojú bàbá ẹ di bọ́ọ̀lì?

O ní àwọn ará búlọ́ọ̀kù yín dá ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà fún ẹ láti bá ẹ kẹ́dùn, pé ojú ń tì ẹ́, o fẹ́ dá a padà. Má dá nǹkankan padà. Ta ló kú? Owó mi ni. Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́, búrẹ́dì ńlá kọ̀ọ̀kan ń bọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi ni màá yan án, wọn á sì wọ̀n ọ́n wò. Fi san bálánsì atẹ̀wé, fi ìyókù ra dátà sórí fóònù mi. Wàá pẹ́ jù mí lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ka tìẹ, wọn á dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ.

Èmi bàbá ẹ ni, mo ṣì wà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà ló ku, kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí.